Lápútọ́ọ̀pù Méjì Tí Wọ́n Gbé Wá Láti Ìsàn

Ní ọjọ́ kan báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkọ̀lé, mo tan lápútọ́ọ̀pù kan tí káàdì àwòrán inú rẹ̀ yára débi pé ọkọ̀ tó ń sáré nínú eré orí rẹ̀ já gíláàsì kọjá, ó bọ́ sí títì, ó kọrí sí Ọ̀yẹ́. Kí n tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé mi tẹ̀lé e, ó ti kọjá Ọ̀yẹ́, ó ti kọjá Ifàkì. Ìdó ni àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ti dá a dúró, tí wọ́n ní kó mú ìwé ọkọ̀ wá. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ki ọkọ̀ náà bọ àpò ẹ̀wù mi, mo gbé e padà sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ọlọ́pàá náà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, n kò sì mọ ilé wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí kò kàwé púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí bàbá mi ní kí n padà wálé, pé ilẹ̀ oko wa ní Ìrẹlẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ rédíò, mo tún kọ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san kò gba ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà mí, owó náà kò pọ̀, mo jẹ ẹ́, ó tán.

Láyé ìgbà náà, inú èédú ni a ti ń mú irin gbóná kí a tó fi jó léèdì tí à ń fi lẹ wáyà. Bí irin bá gbóná jù, o ti ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́. Bí kò bá gbóná tó, léèdì kò ní yọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. A ó gbé irin náà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ara á sọ fún wa. Àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì kì í ṣe ilà, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ kan wà tí ara mi kò tètè sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú wa. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn ń gbé e bọ̀, àwọn tó wà lókè òkun ń fi í ránṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wá fún mi ń dín kù. Mo rí i pé bí n kò bá yí ọwọ́ padà, ebi ni yóò yí mi padà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí ẹni tí yóò kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìdó.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ọmọ ta ni?"

"Ọmọkùnrin kan ni. Dáyọ̀ lorúkọ rẹ̀."

"Ṣé ó ti hu irùngbọ̀n?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó yẹ kó máa gba ọmọọṣẹ́ ló fẹ́ lọ di ọmọọṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ní kí n kúkú lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá nà mí, kí n má wá sunkún sí òun lára.

Kò nà mí. Ohun tó ń ṣe fún mi burú ju ẹgba lọ, nítorí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe é. Èmi ń pè é ní Ọ̀gá, òun ń pè mí ní Bàbá, ọ̀wọ̀ náà kò sì dí ìyà lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú lápútọ́ọ̀pù, ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà sórí páálí, ó ní kí n máa to súkúrù kọ̀ọ̀kan sí ibi tí mo ti yọ ọ́. Mo tú u, mo dè é padà, ọ̀kan ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Kí ó tó yíjú sí mi, mo jù ú sẹ́nu.

"Bàbá, mélòó lẹ tú?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Ọ̀gá."

"Mélòó lẹ dè padà?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ la ẹnu."

Mo gbé e mì.

Dáyọ̀ gbé páálí náà padà síwájú mi. Ó ní, "Ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún un dè."

"Ọ̀gá, súkúrù kan ti dín."

"Ẹ mọ ibi tó wà, Bàbá. Màá dúró dè é."

Ọmọ yìí ló la ọ̀rọ̀ káàdì àwòrán yé mi. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ní orí méjì. Orí kan ń ṣírò, orí kejì ń yàwòrán. Èyí tó ń yàwòrán ni káàdì àwòrán. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i. Nínú lápútọ́ọ̀pù, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó lọ́ra ti rà á nìyẹn. Nítorí náà, kí oníbàárà tó mú èyí tó wù ú ni kí ẹ ti sọ fún un èyí tó yá."

Ó ní díìsìkì kan tó fi ń dán wọn wò. Bí a bá ti fi í sínú ẹ̀rọ, ìkòkò kan á yọ lójú rẹ̀, á máa yí, iná á máa tàn sí i lára, omi á máa ṣàn nínú rẹ̀. Ní igun lókè, nọ́ńbà kan á máa fò. Iye àwòrán tí káàdì náà rí yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Bí káàdì bá dára, nọ́ńbà á ga, ìkòkò á máa yí geere. Bí kò bá dára, nọ́ńbà á wálẹ̀, ìkòkò á máa fò bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí díìsìkì náà, bẹ́ẹ̀ òfin yẹn ló le jù. Bí o bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wéra, ohun gbogbo tó yí wọn ká gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ibì kan náà, wákàtí kan náà, iná kan náà. Ìgbà kan wà tí mo wọn ọ̀kan ní òwúrọ̀ ọyẹ́, mo wá wọn èkejì ní ọ̀sán gangan. Ooru a sì máa fa káàdì àwòrán sẹ́yìn. Nígbà tí Dáyọ̀ mọ̀, kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá, ọ̀sán àti òwúrọ̀ lẹ wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀rọ." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí ó tú mi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ẹbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ figbe ta, ó ní àgbàlagbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ òun. Dáyọ̀ ń fà mí lápá, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ ké ẹ̀mí mi kúrú ni?" Mo ní iṣẹ́ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún, kó jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń ṣe.

Mo padà sí Ìkọ̀lé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Irin inú èédú ti di irin oníná, irin oníná náà tún di èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde lẹ́nu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, káàdì tí à ń pè ní akọni ní ọdún kan á di arọ ní ọdún kejì. Àwọn èèyàn ń ti Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ìrẹlẹ̀ gbé tòkunbọ̀ wá bá mi pé kí n sọ èyí tó yá. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Bàbá Èwo-Ló-Yá-Jù nìyẹn. Bí mo bá ní dúdú ló dára, dúdú náà ni wọn ó rà. Ẹnikẹ́ni kì í bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni, nígbà ọyẹ́. Àgbẹ̀ kan wọlé, ó dé fìlà tí eruku ti pa láwọ̀ dà. Ọmọbìnrin kan tẹ̀lé e, ó gbé àpò lápútọ́ọ̀pù kọ́ èjìká ọ̀tún, ó gbé òmíràn kọ́ ti òsì, bí ẹni pọn ìbejì sí ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Èwo-Ló-Yá-Jù."

"Ẹ kú ọ̀nà. Láti ibo?"

"Ìsàn ni. Yẹ́misí, kí bàbá."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Káyọ̀dé, tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ méjèèjì ránṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan dúdú, èkejì ní àwọ̀ fàdákà. Káyọ̀dé ní kí àbúrò òun mú èyí tó bá yá jù níbi àwòrán, kí wọ́n ta èkejì.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Àwòrán ilé ni mò ń yà, Bàbá. Kì í ṣe ti orí bébà. Ilé tí èèyàn lè wọ̀ lójú ẹ̀rọ ni, kó gba ẹnu ọ̀nà rìn dé pálọ̀, kó dé yàrá. Ọ́fíìsì kan ní Adó ń wá ayàwòrán-ilé kan ṣoṣo. Àwa mẹ́ta ló kù. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni a ó gbé iṣẹ́ wa síwájú wọn. Bí ilé mi bá dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà lójú wọn, wọ́n á ní èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe."

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ nu ojú. "Ọdún méjì ló ti wà ní ulé lẹ́yìn tó jáde ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ṣé ọ̀nà oko kòkó ni mo rán an lọ kọ́. Ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Mo ní, "Ẹ jókòó. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Kò sí iná ìlú lọ́jọ́ náà. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré mi. Ẹ̀rọ dúdú ni mo kọ́kọ́ mú. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, nítorí náà mo kì í mọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo fi díìsìkì sí i. Ìkòkò yọ, ó ń yí, nọ́ńbà dúró sí mẹ́rìnlélógún. Mo wá gbé ti fàdákà. Bí mo ṣe ki ṣájà rẹ̀ bọ iná, ó ń kùn bí oyin, ohùn jẹnẹrétọ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rù bà mí kí n má baà jó o. Mo fa ṣájà yọ. Mo wo bátìrì rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀rọ tó ru iná tirẹ̀ wá láti ilé, kí ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ tèmi?

Ohùn Dáyọ̀ ta sí mi létí. Mo ní kó jókòó.

Yẹ́misí ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ kò ní fi èyí náà sí iná ni?"

"Ọmọ mi, nígbà tí o ṣì ń mu ọmú ni mo ti ń gbọ́ èdè ẹ̀rọ."

Bàbá rẹ̀ bú u pé kó jẹ́ kí àgbà ṣiṣẹ́. Mo fi díìsìkì sí ti fàdákà, nọ́ńbà dúró sí mẹ́tàdínlógún. Mo na ọwọ́ sí ti dúdú bí adájọ́. Mo ní, "Èyí ni. Ẹ gbé e máa lọ." Wọ́n fi ti fàdákà sílẹ̀ kí n bá wọn tà á. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kan láti Ìrè tó ti ń wá lápútọ́ọ̀pù wá gbé ti fàdákà lọ.

Ọjọ́ Fúráìdè, Yẹ́misí padà wá, òun nìkan, ó gbé dúdú dání. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Bàbá, ó ń wọ́. Bí mo bá ti dé pálọ̀, ilé náà á dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo ti pa àwọn òdòdó ọgbà rẹ́, mo pa àga rẹ́, mo pa fèrèsé méjì rẹ́. Ó ṣì ń wọ́. Ṣé ilé tí kò ní fèrèsé ni n ó gbé lọ fún wọn?"

Iná ìlú wà lọ́jọ́ náà. Lápútọ́ọ̀pù akọ̀wé kóòtù kan ló wà lórí tábìlì, mo ti kì í mọ́ iná, ìkòkò ń yí lójú rẹ̀, nọ́ńbà wà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe fẹ́ dá ọmọ náà lóhùn, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì gba ẹ̀rọ náà dúró, kò kú. Ṣùgbọ́n ìkòkò ta gọ́ọ́gọ́ọ́, nọ́ńbà já wálẹ̀ lójú mi kòrókòró. Ó di mẹ́wàá.

Mo rántí jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí lápútọ́ọ̀pù bá rí i pé orí bátìrì ni òun wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ du káàdì àwòrán, kí bátìrì lè pẹ́. Bí ìyá tó rí i pé gàárì ilé kù díẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Ebi ni mo fi pa fàdákà kí n tó ní kó bá dúdú tó ti yó sáré. Bóyá fàdákà dára jù, bóyá kò dára jù, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò wọn nǹkan kan. Mo sì ti tà á.

"Bàbá, kí ló dé?" Yẹ́misí ń wo ojú mi.

Mo ní, "Fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ fún mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Àìkú, n ó bá yín ní Ìsàn."

Ọjọ́ Sátidé, mo gba Ọ̀yẹ́ dé Ìrè lórí ọ̀kadà. Ilẹ̀kùn tíṣà wà ní títì. Wọ́n ní ó lọ síbi òkú àna rẹ̀, àfi ọjọ́ Àìkú. Mo padà sílé, mi ò lè jẹun. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ṣé wọ́n ti nà yín ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo tún dé Ìrè, mo gbé dúdú mọ́ àyà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni tíṣà wà, ìkórè ni wọ́n sì ń ṣe. Òun gan-an ló mú ìwé dání níwájú, tó ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jáde láti jó lọ síbi pẹpẹ. Ìdílé kan á jó dé ibẹ̀, á tún padà lọ jó wá. Oòrùn ti kúrò ní àárọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ka ìdílé bí ẹni ka ọjọ́ ikú. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé tíṣà fúnra rẹ̀, mo wọ inú ìjó náà. Wọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n, mò ń mi èjìká. Mo jó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ju owó sínú àwo, mo fẹnu sí i létí.

"Tíṣà, ẹ̀rọ yẹn!"

"Bàbá, ìkórè là ń ṣe!"

"Ẹ̀rọ tí mo tà fún yín. Mo nílò rẹ̀ padà."

"Ẹ máa jó lọ, àwọn èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn yín!"

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ilé rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní ọjà tí a ti rà tí a ti gbé délé kì í padà. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n dán méjèèjì wò. Iná wà ní Ìrè. Mo ki dúdú mọ́ ògiri, mo ki fàdákà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí iná kan náà. Dúdú: mẹ́rìnlélógún. Fàdákà: méjìléláàádọ́ta. Ìkòkò inú rẹ̀ ń yí bí òkòtó.

Tíṣà fa fàdákà mọ́ra. "Háà, Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo rà dára tó báyìí."

Mo rí i pé òtítọ́ tí mo wá wá ti pa mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ ti ọmọ Ìsàn fún un, mo sọ ti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ń mi orí. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde láti ilé ìdáná, ó mú síbí dání.

"Bàbá Tóbi, kí lẹ fi ń ṣe ẹ̀rọ yìí?"

"Ìbéèrè ìdánwò ni mo fi ń tẹ̀."

"Ìbéèrè ìdánwò náà, ṣé eré ló ń sá ni?"

Obìnrin náà gbé fàdákà kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Tíṣà ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa tún dúdú yìí ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé."

"Títí ayé tèmi ni àbí ti ẹ̀rọ?"

"Èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì."

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìsàn. Yẹ́misí àti bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé fàdákà kalẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Orí jẹnẹrétọ̀ ni mo ti wọn ọ̀kan, orí bátìrì ni mo ti wọn èkejì. O sọ fún mi, mi ò gbọ́." Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé ó yẹ kí ẹ fi í sí iná." Bàbá rẹ̀ bu ẹmu fún mi, ó ní àgbà tó mọ àṣìṣe rẹ̀, àgbà ni. Mo kìlọ̀ fún Yẹ́misí pé lọ́la, bó ti wù kó rí, kó má fi bátìrì ṣe é. Kó ní àfi kí wọ́n fún òun níbi tí òun yóò ki ṣájà sí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Adó láàárín ìgbà tí ó bá ń fi ilé rẹ̀ hàn wọ́n, fàdákà náà á di arọ. N kò tíì gbàdúrà fún iná Ìkọ̀lé rí tó bí mo ṣe gbàdúrà fún ti Adó lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán pọ́n, ó yẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Adó tó kẹ́yìn dé, Yẹ́misí sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkọ̀lé dípò kó gba Ìsàn lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lójú gbogbo èèyàn. Ilé rẹ̀ ti wọlé, ó ti dé pálọ̀, ó ti dé yàrá, gbogbo fèrèsé pé. Òun ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà tó ń wá bá mi di ìlọ́po méjì.

Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù náà tì báyìí. Ojú kò ríran rí súkúrù mọ́. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ yìí dára, mo ní ó dára. Ó fi ọmọ mi sílé ìwé, ó fún mi lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ọ nínú yín kò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí mo ti purọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìsàn yẹn ni irọ́. N kò ṣí fìlà. N kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Fúráìdè, nígbà tí Yẹ́misí bi mí pé kí ló dé, n kò sọ pé kó fi í sílẹ̀ fún mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Òkú ẹ̀rọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́. Káàdì inú rẹ̀ ti jóná láti òkè òkun. Wọ́n ti lù ú ní jìbìtì, tàbí kó jẹ́ òun ló fẹ́ fi owó díẹ̀ tàn yín." Ọmọ náà sunkún, ó fi dúdú sílẹ̀ sórí tábìlì mi, ó lọ. Nígbà tí mo wá gbé fàdákà dé Ìsàn lọ́jọ́ Àìkú, mo ní èmi ni mo wá ọgbọ́n kan dá tí mo fi gbà á padà. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ẹmu tó bù fún mi, mo mu ún.

Ẹyin lohùn. Bàbá náà pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó bú u. Káyọ̀dé búra pé òun dán ẹ̀rọ méjèèjì wò kí òun tó rà wọ́n. Bàbá rẹ̀ ní ṣé ó fẹ́ pe Bàbá Èwo-Ló-Yá-Jù ní òpùrọ́ ni. Kérésì méjì ni Káyọ̀dé kò fi wálé. Nígbà tó wá, kò sùn ní ulé bàbá rẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń mi orí. Mo ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ òde òní." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn.

Káyọ̀dé, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, dúdú yẹn kò jóná. Tíṣà Ìrè lò ó títí ó fi gbó. Èmi ni mo wọn fàdákà ní àwọ̀nṣì, èmi ni mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù ọ́. Bàbá rẹ ti darúgbó báyìí, ó ṣì ń rò pé ìwọ ni.